Láti Orí Afẹ́fẹ́ Bọ́ Sórí Irin: Ohun Tó Ń Gbé Jíìpù Dúró

Ẹ ti rí i rí, mo mọ̀. Jíìpù ńlá tó wọ àdúgbò lálẹ́ àná, tó ga, tó dúró ṣánṣán, ilẹ̀ mọ́ báyìí, ó ti kúnlẹ̀. Imú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ bí àgùntàn tó ń fi eékún jẹko, táyà iwájú méjèèjì sì ti wọ abẹ́ ara ọkọ̀ lọ débi pé ọwọ́ kò lè kọjá láàárín wọn. Ẹni tó ni ín yóò wọlé, yóò ṣáná sí i, ohùn kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, gììì, gììì, bí ẹ̀rọ alọta tó wà ní òpópónà kejì. Nígbà mìíràn ọkọ̀ náà á dìde. Nígbà mìíràn ohùn náà á máa lọ títí, á dákẹ́, ọkọ̀ náà kò ní mira.

Irú jíìpù bẹ́ẹ̀ kan wà ní ọ̀nà ilé mi ní Ìlaròó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ dúró tì í. "Ẹ káàárọ̀, sà. Sà, ta ló yọ afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ yìí?" Mo ní kí wọ́n fọwọ́ tẹ táyà náà wò. Ó le koko. "Kí ló wá jò, sà?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Agogo ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ lù, n kò lè dá wọn lóhùn tán lójú ọ̀nà. Ìdáhùn náà ni mo ń kọ yìí, fún wọn àti fún gbogbo ẹni tí mẹkáníìkì bá ti sọ fún pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ afẹ́fẹ́ yìí dànù, ká fi sípíríǹgì sí i."

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Táyà wà lórí ilẹ̀, ara ọkọ̀ wà lókè. Bí a bá so méjèèjì pọ̀ gbọingbọin, bí wọ́n ti so ẹsẹ̀ ọmọláńkẹ́ mọ́ ara rẹ̀, gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí ni ẹ̀yìn ẹni tó jókòó yóò gbọ́. Ẹni tó bá ti ti ọmọláńkẹ́ gba ojú ọ̀nà olókùúta rí mọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n títí dé èjìká. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe fi ohun tó lè tẹ̀, tó sì lè padà sí bó ti wà, sí àárín táyà àti ara ọkọ̀. Ohun náà ni sípíríǹgì.

Àwọn baba wa mọ sípíríǹgì kí mọ́tò tó dé. Ọrun ọdẹ, sípíríǹgì ni. Igi tútù tí a tẹ̀ wálẹ̀ fún okùn tàkúté, sípíríǹgì ni. Nígbà tí ọdẹ bá fa ọrun, agbára ọwọ́ rẹ̀ kì í sọnù. Inú igi ọrun ló lọ fara pamọ́ sí, bó bá sì tú ọwọ́, agbára náà á jáde, á gbé ọfà lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: sípíríǹgì kì í pa agbára run. Ó ń gbà á pamọ́, ó sì ń dá a padà.

Ibi tó ti ń dá a padà yẹn gan-an ni ìṣòro tuntun ti ń yọjú. Táyà bọ́ sínú kòtò, ó jáde, sípíríǹgì tẹ̀, ó sì tú. Ó ju ara ọkọ̀ sókè, ara ọkọ̀ padà wálẹ̀, ó tún tẹ sípíríǹgì, sípíríǹgì tún jù ú. Ọkọ̀ á máa jó lọ bẹ́ẹ̀ bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì onífóòmù, kí kòtò kejì tó tún dé. A nílò ohun tí yóò gba agbára náà lọ́wọ́ sípíríǹgì, tí kò sì ní dá a padà. Ohun náà ni ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ lọ sí ilé ìdáná kí ẹ lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti orógùn bọ inú ìkòkò ẹ̀kọ tó ti ń ki. Bí ẹ bá rọra rò ó, orógùn á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sáré rò ó, ẹ̀kọ náà á takú, apá á ro yín. Bí eré orógùn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀kọ ṣe ń takò ó tó. Páìpù irin tó kún fún òróró ni ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ní orí, orí yẹn sì ní àwọn ihò wẹ́wẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò, orí náà ń rin inú òróró, òróró sì ń fi tipátipá gba inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá. Agbára tó yẹ kó máa ju ọkọ̀ sókè á wá di ooru, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì gbé ooru náà lọ. Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú ọ̀nà tí kò dára láti Ìmẹ̀kọ dé máa ń gbóná. Ijó tí ọkọ̀ náà kò jó ló di ooru yẹn.

Nítorí náà iṣẹ́ méjì ló wà, kì í ṣe ẹyọ kan. Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pẹ̀tù sí i. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ní ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ṣọ́ọ̀kì", ni wọ́n fi ń pe méjèèjì, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Bí ohun tó ń gbé ọkọ̀ yín bá ti bàjẹ́, tí ẹ sì ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, ọkọ̀ náà á ṣì wà lórí eékún rẹ̀.

Wàyí o, kí ni a lè fi ṣe sípíríǹgì? Irin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n dì sínú àpò, bíi ti jíìpù tó ń kúnlẹ̀ yìí, náà jẹ́ sípíríǹgì, ìtàn bí aráyé ṣe mọ̀ ọ́n sì dùn. Ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan wà tí wọ́n bí ní Ireland, Robert Boyle ni orúkọ rẹ̀. Ó gba ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Robert Hooke, tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó fi jẹ́ pé òun ló bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò. Lọ́dún 1660, Boyle tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n rí, nínú orúkọ ìwé náà gan-an ló sì ti pe agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì padà ní sípíríǹgì afẹ́fẹ́. Nígbà tó di 1662, ó ti ṣàlàyé òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Lọ́dún 1678, ọmọ iṣẹ́ náà tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí sípíríǹgì irin, òfin tirẹ̀ náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ àpò afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ jíìpù, tó fi irin rọ́pò, ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ lè dán òfin Boyle wò nílé. Ẹ ra síríńjì tuntun ní kẹ́míìsì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ nù síbi tí ọmọdé kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú síríńjì náà dé orí 10. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá tẹ ọ̀pá rẹ̀. Láti 10 dé 8 rọrùn. Láti 8 dé 6 bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà tó bá kù sí 5, ìyẹn ìdajì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tì lọ́nà méjì bó ṣe ń tì tẹ́lẹ̀, àtàǹpàkò yín á sì jẹ́rìí sí i. Ẹ tú ọwọ́ lára ọ̀pá náà: ó padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Sípíríǹgì nìyẹn, kò sì sí irin kankan níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti irin. Òfin Hooke sọ pé bí ẹrù kan bá tẹ irin wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹrù méjì bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ ní méjì, mẹ́ta á tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́ta. Ìṣísẹ̀ irin kì í yí padà. Ti afẹ́fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń le sí i bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí kan nìyí tí ọkọ̀ tó jókòó lórí afẹ́fẹ́ fi ń rọ̀ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ tí kì í yára kanlẹ̀ nínú kòtò ńlá.

Àpò tó wà lábẹ́ jíìpù jẹ́ rọ́bà nípọn tí wọ́n hun okùn sínú ara rẹ̀ bí wọ́n ti ń hun ún sínú táyà. Ẹ rántí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ká ní wọ́n dí ẹnu ẹwìrì tó kún fún afẹ́fẹ́, tí wọ́n wá gbé òkúta lé e, òkúta náà kò ní rì. Bí jíìpù náà ṣe ń jókòó nìyẹn.

Ẹ mú bírò, ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní jíìpù náà wúwo tó 2,400 kílò, tí ẹsẹ̀ mẹ́rin sì pín in dọ́gba: 600 kílò ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní àpò náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ojú tó fi gbé ẹrù á jẹ́ bí 113 ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bí a bá pín ẹrù yẹn sórí ojú yẹn, tí a sì sọ ọ́ ní èdè tí fọ́kánáísà ń sọ, ó jẹ́ nǹkan bíi gééjì 75. Táyà ọkọ̀ kan náà kì í sábà ju gééjì 35 lọ. Ìlọ́po méjì táyà ni àpò yìí ń gbà mọ́ra, lọ́sàn-án lóru, bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ ti wá rí ìdí tí kò fi pẹ́ tí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ fi ń mú un kúnlẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú àpò afẹ́fẹ́ kò tíì tán. Ká ní ẹ ra sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́fà ní ọ̀nà Ìbèsè, ẹ sì kó o sẹ́yìn jíìpù náà. Kílò 300 nìyẹn, 150 fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Lórí irin tó ń tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ 600 kílò, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí i, kò sì ní gòkè títí ẹ ó fi já ẹrù. Lórí afẹ́fẹ́, apá kékeré kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, á rí i pé ọkọ̀ ti wọlẹ̀. Á sọ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á ní kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò, dìde, á ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ á wọ inú àpò ẹ̀yìn títí tí gééjì 75 á fi di bíi 94, ìdí ọkọ̀ á sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì tó ka owó rẹ̀ tán. Ijó ọkọ̀ náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ẹrù bá pọ̀ sí i, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ nínú àpò ni agbára rẹ̀ náà ń le. Irin tí mo sọ yẹn yóò fẹ́ jó lọ sókè sódò ní bíi ìgbà 13 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí sìmẹ́ǹtì bá dé, á falẹ̀ sí bíi 11 àti ààbọ̀. Mo gbóríyìn fún àwọn tó ronú iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́ burúkú nítorí pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kí ló dé tó fi ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa? Ẹ wo bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wa. Ọdún 1992 ni Range Rover kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Lẹ́yìn náà ni Mercedes GL dé, àti Lexus GX 470 tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló fi jókòó lórí afẹ́fẹ́, irin ló wà níwájú. Òyìnbó lo ọkọ̀ wọ̀nyí ní ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó di tòkúnbọ̀, kí ọkọ̀ ojú omi tó já wọn sí Kùtọnù. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé sí wa ní Yewa, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ọdún 2017. Ọkọ̀ tó bá dé ọwọ́ wa ti gbé rọ́bà arúgbó dání. Ojú kan náà ni àpò afẹ́fẹ́ máa ń ká sí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fò, ojú yẹn ló sì kọ́kọ́ ń là. Oòrùn wa kò ràn án lọ́wọ́. Iyanrìn pupa ojú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn ń wọ inú ibi tó ká, á sì máa ha á bí ewé ìpín tí wọ́n fi ń dán igi.

Bí ihò wẹ́wẹ́ bá ti yọ, ìyà ọ̀ràn náà á ṣí sí orí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ráńpẹ́ ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fún: kó dìde, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, kó sinmi. Nígbà tí àpò bá ń jò, kò ní sinmi mọ́. Á máa gbóná títí á fi jó. Ẹ sì mọ sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré oníhóró funfun tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun? Irú hóró bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, láti fa omi inú afẹ́fẹ́. Ní oṣù Keje, nígbà tí afẹ́fẹ́ Yewa rin gbindin, bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, hóró yẹn á yó fún omi, omi á wá ráyè dé inú fáàfù, fáàfù á dípẹtà. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun láìdí ihò àpò, òun náà ni yóò tún un rà.

Àwa kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 1957, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ olówó gọbọi kan jáde, Eldorado Brougham, tó jókòó lórí afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó jò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ló padà yọ afẹ́fẹ́ náà, tí wọ́n fi sípíríǹgì irin rọ́pò. Ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, ojú ọ̀nà wọn sì tẹ́jú. Nítorí náà kò sí ìtìjú fún ẹni tó ń gbé Ayétòrò láti ṣe ohun kan náà, bó bá ṣá ti ṣe é bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wádìí. Bí fọ́kánáísà bá fẹ́ mọ ibi tí túúbù ti jò, inú omi ló ń tì í bọ̀. Ẹ po omi ọṣẹ, ẹ ta á sára àpò, sí ibi tó ká, àti sí orí páìpù wẹ́wẹ́ tó wọ inú rẹ̀. Ibi tó bá hó ló ń jò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wọlẹ̀ jù, àpò ẹsẹ̀ yẹn tàbí páìpù rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹsẹ̀ kankan kò bá sì wọlẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ ga bí ẹ bá kó ẹrù sí i, ẹ bi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fíúùsì rẹ̀ léèrè. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú gbogbo abẹ́ rẹ̀ dànù, tó sì jẹ́ pé páìpù kan tí kò nípọn tó ìka ọmọdé ló là.

Bó bá jẹ́ pé àpò kan péré ló bàjẹ́, tí ẹ lè rí tuntun rẹ̀ rà, tí ìyókù sì le, ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ti gbó, irin ló dára jù fún ilẹ̀ wa. Èrò mi nìyẹn, mo sì dúró lé e. Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni àpò afẹ́fẹ́ àlòkù, tí wọ́n ń pè ní Béljíọ́mù ní ọjà Ládípọ̀. Ẹ́ńjìnnì Béljíọ́mù lè dára. Rọ́bà Béljíọ́mù ti gbó kó tó dé. Ọjọ́ orí lẹ ń rà.

Wàyí o, kí ni a ń rọ́pò? Ẹ padà sórí iṣẹ́ méjì yẹn. Ní ẹ̀yìn Lexus GX 470, àpò afẹ́fẹ́ dá dúró, ṣọ́ọ̀kì dá dúró, bí àpò bá kúrò, sípíríǹgì irin lè jókòó sí àyè rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì tó bá ṣì lágbára máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Níwájú Mercedes GL, wọ́n ti fi àpò àti ṣọ́ọ̀kì ṣe ara kan: bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ ti yọ méjèèjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá méjèèjì padà. Ibẹ̀ ni òdiwọ̀n ti ṣe pàtàkì jù. Irin tó ń tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ 600 kílò ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí mẹkáníìkì bá lọ gbé irin ọkọ̀ kékeré wá, èyí tó ń tẹ̀ ní 15 lábẹ́ 400 kílò, jíìpù náà á tẹ̀ ẹ́ dé 22 àti ààbọ̀, á sì máa kanlẹ̀ nínú gbogbo kòtò. Bó bá gbé ti ọkọ̀ akẹ́rù wá, jíìpù á ga, á máa gbọ̀n bí ọmọláńkẹ́, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún irin rírọ̀ kò sì ní lè pẹ̀tù sí i. Irin tí wọ́n ṣe fún jíìpù yẹn gan-an, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, ni kí ẹ béèrè. Kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì, apá ọ̀tún pẹ̀lú apá òsì.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé pé kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́. Á ṣì máa pe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Nínú àwọn jíìpù tí wáyà wọ inú ṣọ́ọ̀kì wọn, á tún máa béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì tí kò sí níbẹ̀ mọ́, iná pupa tàbí yẹ́lò á sì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ohun èlò tó péye, wọ́n máa ń fi àpótí kékeré kan sí i tí yóò máa dá kọ̀ǹpútà lóhùn, tàbí kí rewáyà tó mọ iṣẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé afẹ́fẹ́ kò sí mọ́. Ohun tí mo ti rí ni pé àwọn kan ń lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú iná náà, tàbí kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Lójú kan náà ni dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń sọ fún yín bí bíréèkì bá ní àìsàn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo ń sọ fún gbogbo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Irú sípíríǹgì irin tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ní agbára nínú tó bá ti àpò sìmẹ́ǹtì kan dọ́gba, tó já bọ́ láti òkè bíi 90 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá fò yọ, ojú tàbí egungun ló máa bá. Ẹ lo irin ìdìmú tí wọ́n ṣe fún un, kì í ṣe okùn, kì í ṣe wáyà. Ẹ má sì wọ abẹ́ jíìpù aláfẹ́fẹ́ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, kí ẹ sì fi igi tó nípọn tàbí irin ìdúró há abẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í dágbére kó tó lọ.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àláìnímẹ́ǹtì, nítorí pé bí gíga ọkọ̀ bá yí padà, bí táyà ṣe dojú kọ ọ̀nà náà ti yí. Ẹ wo iná iwájú lálẹ́: bí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, iná yín á máa fọ́ ojú awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ ní ọ̀nà Pápálańtó. Ẹ sì mọ ohun tí ẹ pàdánù. Bọ́tìnì tí ẹ fi ń gbé ọkọ̀ ga nínú ẹrẹ̀ oṣù Kẹfà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá kó sìmẹ́ǹtì, ìdí ọkọ̀ á sì wọlẹ̀. Ọkọ̀ náà á le díẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà tó wà ní tuntun lọ. Ohun tí ẹ rí gbà ni pé ẹ ó bá a lórí ìdúró láàárọ̀.

Lọ́dún 1963, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ girama kan sílẹ̀ ní Ayétòrò, Comprehensive High School, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ìwé ti jọ jókòó sínú ọgbà kan. Mo máa ń ronú lórí ìyẹn bí mo bá ń wo ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó mọ gbogbo nọ́ọ̀tì jíìpù ní orúkọ, tí kò sì gbọ́ orúkọ Boyle rí, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó lè ka òfin Hooke lórí, tí kò sì mọ̀ pé òun ló ń gbé mọ́tò tó wọ̀ wá. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì ní Ìlaròó, Owódé àti Ayétòrò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé wá wo ọkọ̀ tí ẹ ń tú ní ọjọ́ Sátidé, kí ọmọ iṣẹ́ yín sì wá tẹ síríńjì ní kíláàsì mi.

Àwọn ọmọ méjì tó bi mí ní ìbéèrè náà ti fi omi ọṣẹ wá ihò jíìpù yẹn, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín. Àpò iwájú lọ́wọ́ òsì ni, ní ojú ibi tó ti ń ká.